Ta Ni Yóò Wẹ Bàbá?

Ẹ gbé aṣọ ilé ìwé méjìlá fún obìnrin yìí láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán yóò ti rán wọn tán, yóò ti kan bọ́tìnnì wọn, yóò sì máa wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹ tún gbé òmíràn dání. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kíákíá, tí àwọn míì ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi lórí màṣíìnì, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ ronú, ó ti bá yín parí ọ̀rọ̀ yín. Nígbà kan, oníbàárà kan ní, "Mo fẹ́ kí apá aṣọ náà..." Kíákíá ní, "Kó mọ ní ìgbọ̀nwọ́," ó sì ti gé e. Ọrùn ọwọ́ ni oníbàárà ọ̀hún fẹ́ wí. Kò sí bí apá aṣọ náà ṣe lè gùn mọ́, oníbàárà wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ooru ń mú òun.

Káfíńtà ni bàbá tó bí i, ọkùnrin tí kì í yára rárá. Ó lè di pátákó kan mú, kó máa wò ó, kó máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, títí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá á fi béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Bí ó bá wá lanu, ohun tó bá sọ nípa pátákó náà kì í yẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kíákíá ti kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, nídìí aṣọ tí wọ́n fi ń bo tìmùtìmù àga. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàbá àti ọmọ yìí pọ̀ débi pé àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín pé bóyá wọ́n pààrọ̀ ọmọ náà ní ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an.

Ìyá ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ dé, bàbá ń fi sáńpépà họ ilẹ̀kùn kan, ó kàn rí i pé ọwọ́ ọ̀tún òun ò gbọ́ ti òun mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, ẹ̀mí ò lọ. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ọwọ́ ò padà. Ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bọ̀, bí ẹni tó ru ẹrù wúwo gun òkè.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹnikẹ́ni ò ní láti rán Kíákíá létí. Ó gbé bàbá rẹ̀ wá sílé, ó fún un ní yàrá ẹ̀yìn tó ní fèrèsé ńlá. Ọkọ rẹ̀ ò jiyàn, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó yọjú. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta táyà ní ìlú mìíràn, ń pè lórí fóònù, ó sì ń fi nǹkan ránṣẹ́. Kò sí ohun tí Kíákíá ò lè ṣe fún bàbá rẹ̀, ó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀, àti èyí tí bàbá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti èyí tí kò lè ṣe. Ó ń bá a di bọ́tìnnì. Ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bí bàbá bá na ọwọ́ òsì sí ife omi, ife ti dé ẹnu rẹ̀.

Inú ìwẹ̀ ni wàhálà wà. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, Kíákíá á po omi gbígbóná mọ́ tútù, á fi ìka tọ́ ọ wò, á mú bàbá rẹ̀ rọra dé balùwẹ̀, á gbé e jókòó sórí àpótí oníke. Títí dé ibẹ̀, àlàáfíà wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti nawọ́ sí okùn ṣòkòtò bàbá, ìjà dé. Bàbá á fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù di ṣòkòtò náà mú bí ẹni tí olè dá lọ́nà, á máa mi orí, á máa ké, "Ún-ùn! Ún-ùn!"

"Omi ò gbóná, sà," ni Kíákíá á wí. "Ọṣẹ yìí ò ní ta yín lójú, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíákíá." Ó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Lẹ́yìn ìwẹ̀, bàbá á kọjú sí ògiri, oúnjẹ àárọ̀ á tutù níwájú rẹ̀. Kò ní wo ojú ọmọ rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, táwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá dé, ara á tún balẹ̀, á máa fọwọ́ òsì bá wọn gbẹ́ pẹ́ńsùlù, á máa rẹ́rìn-ín.

Kí n má purọ́ fún yín, Kíákíá alára ń bẹ̀rù àárọ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, á mí kanlẹ̀ kó tó wọlé. Bó bá sì ti wọlé, tí ṣòkòtò bá ti kúrò lára bàbá, ojú ló máa ń dì. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wẹ bàbá rẹ̀ ní dídijú, bí ẹni ń fọ àwo nínú òkùnkùn. Ẹ ó ní ẹni tí ìtìjú mú dijú yẹ kó mọ̀ pé ìtìjú ń bẹ lára ẹnì kejì náà. Ó yẹ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn rẹ̀ ni pé ọmọ burúkú ni òun. Bàbá tó gbé òun gun èjìká, òun wá ń bẹ̀rù láti wẹ̀ ẹ́! Kò lè sọ ọ́ fún ọkọ, kò lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ òsì bàbá gbéra, ó sì bà á lẹ́nu. Ètè Kíákíá wú. Ó sọ fáwọn oníbàárà pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló gbá òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló sọ òótọ́ fún lórí fóònù, ẹkún ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ó ti tó," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Orí Bàbá ti dàrú. Tí wọ́n bá ti ń lu èèyàn, ó ti kọjá agbára rẹ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà nítòsí mi níbí, ó mọ́ tónítóní. Màá wá gbé wọn."

Kíákíá ní òun ò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló wá fẹ́ ṣe. Kíákíá wá gbà. Kò sí ohun tó dùn ún tó pé, lábẹ́ ẹkún náà, ibì kan nínú ara rẹ̀ ń yọ̀ pé òun ò ní wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyẹn ló tún mú un sunkún sí i.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀gbọ́n gbé mọ́tò dé, ó páàkì sẹ́nu géètì. Kíákíá ti di ẹrù bàbá sínú báàgì kan, ó ti lọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé báàgì náà sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ilé ìtọ́jú náà ò ní gba ẹnikẹ́ni àfi tí nọ́ọ̀sì láti ilé ìlera àdúgbò bá kọ́kọ́ wá wò ó nílé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà dé, obìnrin kúkúrú kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún, báàgì rẹ̀ wúwo, ó ń mí hẹlẹ. Wọ́n gbé àga ńlá fún un, ó ní rárá, ó fa àpótí kékeré kan, ó jókòó níwájú bàbá, ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ojú bàbá díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó sọ ọjọ́ orí bàbá, ó sọ àìsàn rẹ̀, ó sọ oògùn tó ń lò, ó sọ bó ṣe ń bínú tó fi ba Kíákíá lẹ́nu. Kíákíá ń bá a fi kún un. Nígbà tó bá gbàgbé orúkọ oògùn, Kíákíá ti pè é. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàbá lórí bàbá, bí ẹni pé ó ti rìnrìn àjò. Bàbá ń wo báàgì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ń bínú?" ni nọ́ọ̀sì bi Kíákíá.

"Àárọ̀ ni, mà."

"Ṣé wọ́n ń bínú lọ́sàn-án? Lálẹ́ ńkọ́?"

"Rárá, mà. Àárọ̀ nìkan. Nígbà tí mo bá ń... nígbà ìwẹ̀."

"Ó dáa. Kí ni wọ́n ní ó ń bí àwọn nínú?"

Ẹ̀gbọ́n wo Kíákíá, Kíákíá wo ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Mo gbọ́. Ta ló bi wọ́n, tí wọn ò dáhùn?"

"Mà, bàbá mi ni," ni Kíákíá wí. "Ṣé kí n wá dúró níwájú bàbá tó bí mi lọ́mọ, kí n máa bi wọ́n pé, 'Bàbá, kí ló ń bí yín nínú?' Bí ẹni tó fẹ́ bá wọn ṣe ẹjọ́? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ẹ ò jẹ̀bi, Ìyá àwọn ọmọ. Ó dáa, èmi kì í ṣe ọmọ wọn. Màá bá yín bi wọ́n. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín o, ẹ má bá wọn dáhùn. Bó bá máa pẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́." Ó yíjú sí bàbá. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó, sà. Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ wẹ̀?"

Bàbá gbójú kúrò lára báàgì. Ó wo nọ́ọ̀sì. Ètè rẹ̀ gbéra, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbéra.

"Omi ló tu..." ni Kíákíá bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì na ìka kan sókè, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Kíákíá pa ẹnu dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Kò sí iṣẹ́ tó ṣòro fún un tó báyìí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Bàbá ń wá ọ̀rọ̀, ó ń wá a, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ tó tó ogún lẹ́nu tó lè yá a.

"Èmi..." ni bàbá wí. "Èmi ni... mo wẹ̀ ẹ́... ní kékeré."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ nǹkan. Nọ́ọ̀sì ò gbé ìka náà sọ̀ kalẹ̀.

"Kò yẹ... kó máa rí... ìhòòhò mi." Omi ti dé ojú bàbá. "Ọmọbìnrin... mi ni."

Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ti ọkùnrin yìí kì í ṣe ti ìta, inú balùwẹ̀ ló wà, láàárọ̀ láàárọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn jù láyé. Ṣòkòtò rẹ̀ ló ń jà fún. Orí rẹ̀ pé, ó pé ju tàwọn tó ń di ẹrù rẹ̀ lọ.

Kíákíá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, mi ò wò!" Ẹkún àti ọ̀rọ̀ jọ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọlọ́run ló mọ̀, sà, mi ò wò rí. Ojú ni mo máa ń dì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń dijú!"

Bàbá tún wá ọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn dúró dè é, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró.

"Mo... mọ̀," ni bàbá wí. "Ọṣẹ... lo máa ń... fi dí mi... létí."

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé e, ló bá dì mọ́ ògiri kó má ṣubú. Kíákíá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ni kó fi sílẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ fì sápá kan, ẹ̀rín náà ni sá. Ó wá yé Kíákíá. Òun kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọ̀wọ̀ ló ń pa àwọn méjèèjì, tí bàbá ò lè sọ, tí ọmọ ò lè béèrè.

"Ó dáa, kí wá ni ká ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n wí, lẹ́yìn tó nu ojú.

"Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa ní ilé ìlera," ni nọ́ọ̀sì wí. "Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ó lè máa wá wẹ̀ wọ́n láàárọ̀."

Ojú ẹ̀gbọ́n yí padà. "Àlejò? Kí àlejò máa wọlé wá wẹ bàbá wa, táwa ọmọ wà láyé? Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Kíákíá wí, "ní ilé tí ẹ fẹ́ gbé wọn lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa wẹ̀ wọ́n níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi í sápò.

Nọ́ọ̀sì tún yíjú sí bàbá. "Bàbá, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ wà. Ṣé ẹ fẹ́ lọ sí ilé ìtọ́jú náà ni, àbí ẹ fẹ́ dúró níbí, kí ọkùnrin yẹn máa wá?"

Ó pẹ́. Ìró mọ́tò kọjá nígboro, òmíràn tún kọjá. Bàbá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó wò ó lójú gan-an, ohun tí kò ṣe láti oṣù mélòó kan.

"Ẹ bi... òun náà," ni bàbá wí.

Wọ́n bi Kíákíá. Ó lanu, kò yára. "Mo fẹ́ kí wọ́n dúró," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mà. Ó ti rẹ̀ mí gan-an." Ojú tì í bó ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n bàbá ń mi orí bí ẹni tó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́.

"Mo fẹ́... dúró," ni bàbá wí.

Ẹ̀gbọ́n wo báàgì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé e, ó sì gbé e padà sí yàrá ẹ̀yìn. Ó bọ́ sí balùwẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n lè kan irin ìdìmú mọ́ lára ògiri. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n má kàn án, ó ní kò mọ òòlù lò. Ọ̀rọ̀ yẹn náà pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán, wọ́n sì dúró gbọ́ ọ. Wọ́n lọ pe káfíńtà mìíràn, bàbá jókòó tì í, ó ń fọwọ́ òsì nàka sí ibi tí ìṣó á wọ̀.

Ọkùnrin tí nọ́ọ̀sì wí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Àwọn ọmọ Kíákíá ti fún un lórúkọ kó tó bọ́ bàtà tán, Bọ̀dá Ìwẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó kí bàbá, ó sì bi í bó ṣe máa ń wẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Ó wá hàn pé bàbá lè fi ọwọ́ òsì wẹ iwájú ara rẹ̀. Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Oṣù gbọọrọ ni Kíákíá ti ń wẹ ibi tí bàbá lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, ní dídijú.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, Kíákíá jókòó sídìí màṣíìnì, aṣọ wà níwájú rẹ̀, kò rán an. Ó ń tẹ́tí. Omi ń dà. Ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan ń sọ, ọ̀kan ń dúró dè é. Kò sí "ún-ùn." Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá jáde, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì kan wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ Kíákíá ń yún un láti tún un ṣe, ó fi í sílẹ̀. Bàbá jókòó, ó fa oúnjẹ rẹ̀ súnmọ́ra, ó gbé ṣíbí. Ó tún gbé ṣíbí náà sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé... o sùn... dáadáa?"

Ìkíni tí bàbá ń kí ọmọ ni. Ní gbogbo ìgbà tí àìsàn ti dé, bàbá ni gbogbo ayé ń bi bó ṣe sùn. Kíákíá gbàgbé pé ẹnì kan lè bi òun.

"Rárá, sà," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn dáadáa."

Bàbá na ọwọ́ òsì sí ọ̀nà yàrá Kíákíá. "Lọ... sùn."

"Sà, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé..."

"Mo ní... lọ sùn."

Ohùn náà ò le, ṣùgbọ́n ohùn bàbá ni, ohùn tó ti ń rán an lọ sùn láti ìgbà tí kò tíì lè fọ ẹnu ara rẹ̀. Ó dìde. Ó wọ yàrá, kò bọ́ aṣọ, ó dùbúlẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé, tí wọ́n ń pariwo bọ̀ látojú géètì, wọ́n bá bàbá àgbà lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìyá wọn. Ibẹ̀ ló ti wà láti àárọ̀. Ó fi ìka kan lé ètè, ó ní kí wọ́n rọra.